Òórùn Yàrá Barakah

Nínú yàrá ìwádìí, Nabeelah ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ń móoru, òórùn sì kọlù wọ́n.

Ìyá Ràúdátù di ògiri mú. Òórùn èso ni, èyí tó pọ́n jù, tó dùn, tó fẹ́ máa rà. Ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn ló gbọ́ ọ ní àdúgbò Gàmbàrí, nínú yàrá tí Barakah ọmọ rẹ̀ kú sí, ìyá Nabeelah yìí gan-an. Ojú abẹ tí wọ́n fi gbé Nabeelah jáde ni kò jiná. Nígbà tí òórùn náà gba ilé, ẹnì kan ní òórùn rahama, àánú Ọlọ́run, ni, àwọn málékà ti dé. Gbogbo ilé ṣe àmín. Ìyá Ràúdátù fúnra rẹ̀ ló ní kí awakọ̀ tó fẹ́ gbé Barakah padà sí ọsibítù máa lọ.

Ó di ọjọ́ mẹ́ta báyìí tí òórùn yẹn ti padà, lórí ẹní òun alára. Ó mọ̀ pé Barakah ló wá mú òun. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn yọ likafani rẹ̀, aṣọ tí wọn yóò fi sin ín, ó sá a sóòrùn, kò sì jẹ́ kí Nabeelah tú báńdéèjì egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni ọmọ náà fi gbé e wá sí yunifásítì láàárọ̀ yìí.

"Ta ló fín lọ́fínńdà síbí?"

Nabeelah rẹ́rìn-ín. "Lọ́fínńdà kẹ̀, Ìyá! Kòkòrò àìfojúrí ni. Bí irú èyí bá ti pọ̀, bó ṣe máa ń rùn nìyẹn."

Ó gbé àwo pẹlẹbẹ kan wá, kò ṣí ìdérí rẹ̀. Nǹkan kan bí ikun, aláwọ̀ ewé, hù kún inú rẹ̀.

"Egbò ẹsẹ̀ yín ni mo ti mú un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wo ihò mẹ́ta yìí. Omi ewé dóńgóyárò tí ẹ já fún mi ló wà nínú èyí. Kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Oògùn tí ẹ ń lò rèé; wọ́n hù dé etí ẹ̀. Ibí ni mo kán omi ewé yẹn kan náà sí, lẹ́yìn tó ti sọ fàdákà di lẹ́búlẹ́bú tí ojú ò lè rí."

Òbìrí kan yí ihò kẹta ká, ó mọ́ roro.

"Wọ́n kú?"

"Wọ́n kú. Ṣùgbọ́n inú àwo ni o, Ìyá. Mi ò lè fi sí yín lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù lónìí, kí wọ́n wá oògùn mìíràn. Ẹsẹ̀ náà ṣì ṣeé wò."

Ìyá Ràúdátù ń wo ẹnu ọmọ náà. Ẹnu Barakah ni. Láti kékeré ọmọ náà ni Ìyá Ràúdátù ti ń sọ fún un pé yàrá ìyá rẹ̀ ń ta sánsán bí àlùjánnà lọ́jọ́ tó lọ.

Ó jókòó. Ó ká ìró sókè, ó na ẹsẹ̀ náà.

"Tú u, Àjọkẹ́. Lẹ́yìn náà, ká máa lọ."

Nabeelah wọ ìbọ̀wọ́, ó kúnlẹ̀. Bó ti tú ìpele àkọ́kọ́, òórùn náà dìde láàárín àwọn méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò gbójú sókè.

"Ìyá," ó ní jẹ́jẹ́, "irú òórùn wo lẹ ní yàrá màámi ń ta?"