Ayálégbé Ọdún Mọ́kànlá

Láàárín ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Alájà Kúbúrátù lọ sí ilé rẹ̀ tó wà ní Ìgbẹ̀bá, ẹ̀ẹ̀marùn-ún náà ló sì gbé lẹ́tà inú báàgì rẹ̀ padà wálé láì fún ẹni tó kọ ọ́ sí. Ẹ má rò pé onítìjú ni o. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún ta àwo àti ìkòkò, tó ń bá àwọn oníbàárà Èkó ná ọjà títí tí wọ́n á fi máa bẹ̀ ẹ́, ta ló máa ní ojú ń tì í? Àmọ́ lẹ́tà yìí, ìlà mẹ́rin péré, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti yọ ọ́ jáde.

Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé náà, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ kan àti ṣáláńgá kan lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, lórí èrè àwo, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwo ló fi ń mọlé. Nígbà kan, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń gba yàrá níbẹ̀. Ní báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá ilé káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde, akẹ́kọ̀ọ́ ayé òde òní kì í sì í bá ẹnikẹ́ni tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Yàrá tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀ nínú ni wọ́n ń fẹ́. Yàrá mẹ́rin ti ṣófo láti ọdún méjì, páànù ti dógùn-ún, ògiri ẹ̀yìn sì ti là débi pé èèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí òjò ọdún yìí bá bá ilé náà bẹ́ẹ̀, ó máa wó.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún un. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà nínú rẹ̀, ti àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò, kì í gba èlé. Ẹnì kan péré ni wọ́n ń yá lówó ìkọ́lé lọ́dún, ọdún mẹ́fà gbáko sì ni Kúbúrátù fi dúró kó tó kàn án. Wọ́n máa ṣí gbogbo òrùlé, wọ́n máa wó àwọn ògiri inú, wọ́n máa tún un mọ sí yàrá ìgbàlódé mẹ́rin. Òfin kan ni wọ́n fún un: kí àwọn ìgbìmọ̀ tó wá wo ilé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, ẹni tó bá ṣì ń gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé pé òun máa kó jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó náà á di ti ẹni tó kàn.

Ayálégbé kan ṣoṣo ló ṣì wà níbẹ̀. Ọlọ́runfẹ́mi lorúkọ rẹ̀, bírìkìlà, ará Ọ̀ṣun, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ẹniìtàn nítorí ọmọbìnrin kan tó bí. Yàrá méjì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ gbà, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá. Kò jẹ owó ilé ọjọ́ kan rí. Láti ìgbà Iléyá ló ti yẹ kí Kúbúrátù bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n lónìí-lónìí, lọ́la-lọ́la, títí ọ̀rọ̀ fi ku ọjọ́ méjì.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó tún lọ. Kò tíì wọ ọgbà tó fi ń gbọ́ kó, kó, kó. Nígbà tó gbójú sókè, Bàbá Ẹniìtàn ló rí lórí òrùlé, tó fi ìṣó sẹ́nu, tó ń kan páànù.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ òkè yẹn?"

"Ẹ káalẹ́, Màmá. Ibi tí omi ń gbà wọ yàrá kẹta ni mo ń dí."

Yàrá kẹta kì í ṣe tirẹ̀. Kò sẹ́ni nínú yàrá kẹta. Inú bí Kúbúrátù gidi. Bí èèyàn bá fẹ́ lé ayálégbé, ṣé kò yẹ kí ayálégbé náà níwà burúkú díẹ̀ tó máa fi ràn án lọ́wọ́? Kó jẹ gbèsè, kó máa yí rédíò sókè, kó tilẹ̀ bú ìyá ẹlòmíràn. Ọkùnrin yìí kò ṣe ìkankan. Ìṣó ló fi owó ara rẹ̀ rà.

Ìyá Ẹniìtàn gbé àga jáde, ó bu omi wá, ó kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ojú òun àti ti Kúbúrátù ṣe mẹ́rin. Ó ń tú gèlè, ó ń tún un wé.

"Màmá, oore yín ò ṣe é gbàgbé," ló sọ lójijì. "Ibi yòówù ká wà láyé yìí..."

Ó wo ọkọ rẹ̀ lókè, ọkọ sì mi orí fún un pé kó dákẹ́. Omijé lé ròrò sójú obìnrin náà, ó yára wọlé lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló wá sọ́kàn Kúbúrátù. Wọ́n ti gbọ́! Àwọn aládùúgbò ti lọ tú àṣírí, ìdí sì nìyí tí ọkùnrin náà fi gun òrùlé: ẹ̀bẹ̀ ló ń fi òòlù bẹ̀. Ó dìde láì mu omi. Kò rántí ohun tó fi dágbére.

Kò tíì délé tí Fatihah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Èkó, fi pè é lórí fóònù.

"Màmá, ṣé ẹ ti fún un?"

"Ọdún mọ́kànlá, Fatihah."

"Ó gbé ilé fún ọdún mọ́kànlá, ẹ sì gba owó ọdún mọ́kànlá. Ilé lẹ kọ́, Màmá, ẹ ò kọ́ ilé ìtọ́jú aláìní."

Kúbúrátù pa fóònù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ kò gba ìjókòó. Ó gbálẹ̀ yàrá kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé omi kaná, ó gbàgbé rẹ̀ títí ó fi gbẹ mọ́ ìkòkò. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún lọ. Níbo ni wọ́n fẹ́ lọ? Owó yàrá ti di ìlọ́po mẹ́ta ní gbogbo ìlú. Bàbá yẹn ti lé ní àádọ́ta ọdún, Kristẹni sì ni, síbẹ̀ kì í sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti jáde nìyẹn, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà pẹ̀lú sìmẹ́ńtì títí dé orúnkún. Ìyà ló jẹ èèyàn dé ibẹ̀. Àánú wọn ṣe é débi tó fi bú sẹ́kún, òun nìkan, nínú ilé ìdáná.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù Alájì Abdulrauf, ààrẹ ẹgbẹ́ wọn.

"Ẹ fi ipò mi fún ẹni tó kàn."

Alájì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Alájà, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá."

"Ọdún mẹ́fà míì ni o, kó tó tún kàn yín."

"Mo mọ̀."

Wọ́n pe Rodiat tó ń ta aṣọ ní òdìkejì ọ̀nà, nítorí òun ló kàn. Rodiat fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ Kúbúrátù lọ́rùn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́wọ́, wọ́n ṣe fàtíhà, wọ́n fọwọ́ pa ojú, ó parí. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ohun tí wọ́n bá ti ṣe àdúà sí, ẹnikẹ́ni kì í tú u mọ́.

Ṣé ẹ rí Kúbúrátù bó ṣe ń lọ sí Ìgbẹ̀bá nírọ̀lẹ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ọmọge. Wọ́n ní kí ọwọ́ òsì má mọ sàráà tí ọwọ́ ọ̀tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Kúbúrátù fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ó ti ń rò ó bí wọ́n ṣe máa kúnlẹ̀, ó sì ti mọ bí òun ṣe máa sọ pé kí wọ́n dìde.

Tọkọtaya náà wà nílé. Bí wọ́n ṣe rí i báyìí, Bàbá Ẹniìtàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ dárí jì wá."

"Dìde, dìde." Kúbúrátù rẹ́rìn-ín. "Mo mọ ohun tó wà nínú yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti lọ dá gbogbo iṣẹ́ náà dúró, mo ti yọ̀ǹda owó náà fún ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò ní lé yín. Níbí lẹ máa wà."

Wọn kò dúpẹ́. Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wo ọkọ.

"Iṣẹ́ wo, Màmá?" ni Bàbá Ẹniìtàn bi í, kò tíì dìde nílẹ̀.

Ìgbà náà ni Kúbúrátù jókòó.

"A ti kọ́lé, Màmá," ni ọkùnrin náà sọ. "Ní Ayépé. Sátidé tó ń bọ̀ yìí la fẹ́ ṣí i. Láti ọjọ́ Ajé la ti ń wá bá a ṣe máa sọ ọ́ fún yín. Ìdí tí mo fi gun òrùlé nìyẹn, mi ò fẹ́ kí n fi ilé sílẹ̀ fún yín ní jíjò."

"Ọdún mélòó lo fi kọ́ ọ?"

"Ọdún márùn-ún, mà. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ."

Ọdún márùn-ún! Kúbúrátù ti jẹun nínú yàrá yìí. Òun ló gbé Ìyá Ẹniìtàn lọ sí ọsibítù nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ó sọ ọ́ jáde, kò pa á mọ́ra. "Ọdún márùn-ún, ẹ kò sì lè sọ fún mi? Èmi?"

Ọkùnrin náà sorí kọ́. Ìyàwó ló dáhùn, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún onílé? Ẹni tí a kọ́kọ́ gba ilé lọ́wọ́ ẹ̀, ní Ìmùṣin, ọjọ́ tó gbọ́ pé a ra ilẹ̀ ló da ẹrù wa síta. Ẹ̀rù yín ló ń bà wá."

"Ẹ̀rù tèmi?"

"Ẹ má bínú, mà. Onílé ni yín."

Kúbúrátù yọ fóònù, ó pe Alájì Abdulrauf. Alájì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Alájà, a ti ṣe àdúà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé àánú ṣe é. Owó ti lọ. Òjò máa bá ilé náà bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ pé ó yọ lẹ́tà ìlà mẹ́rin yẹn jáde lọ́jọ́ Ajé, ijó ni àwọn méjèèjì ì bá jó, wọn ì bá fọwọ́ síwèé lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn dùn ún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rù tí obìnrin yẹn sọ ló wọ̀ ọ́ lára jù, ó sì mọ̀ pé òun máa gbé e délé.

Bàbá Ẹniìtàn rò pé inú Màmá ti rọ̀ nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ fún wa nímọ̀ràn. Yàrá méjì ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé náà tí a fẹ́ fi háyà. Irú ayálégbé wo ló yẹ ká gbà?"

Kúbúrátù wò ó.

"Wá ẹni tí ẹ̀rù rẹ ò ní bà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà, ẹ̀rín ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́.

"Èmi kẹ̀? Ta ló máa bẹ̀rù irú èmi yìí, Màmá?"

Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí Kúbúrátù náà ì bá sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.