Àìsàn Tó Mú Ẹja Ìyá Ìyàwó Lọ́yà

Lọ́yà kì í sọ pé òun kò mọ nǹkan. Bí o bá bi í bí wọ́n ṣe ń tún aago ṣe, yóò kọ́kọ́ fa táì ọrùn rẹ̀ gún, yóò ní, "Wàyí o," ọ̀rọ̀ ti di ti kóòtù nìyẹn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ẹnu yìí kò ràn. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Ó ti rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń fọ́nnu níta yàrá ìbímọ, tí wọ́n sì dákú nígbà tí ọmọ ké. Kò fi nǹkan kan sí Lọ́yà lọ́wọ́ rí, àfi ọmọ rẹ̀, ìyẹn náà, ó ní ọmọ ló bẹ òun.

Ìdí nìyí tí orí Lọ́yà fi wú nígbà tí ìyá fẹ́ rìnrìn àjò, tó gbé àpótí gíláàsì ẹja rẹ̀ wá sílé wọn. Ẹja wúrà méjì ló wà nínú rẹ̀: Arẹwà, tí ìrù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ sílíkì, àti Àbúrò, oníkùn roboto.

"Lọ́yà, bí mo bá dé tí mo bá wọn láàyè, màá mọ̀ pé èèyàn ni ọ́."

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹja kì í kú lọ́wọ́ mi."

"Àwọn tó ń kú sínú ọbẹ̀ rẹ ńkọ́?"

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Lọ́yà fojú mọ́ gíláàsì, tó sì figbe ta. Èérún funfun wẹ́wẹ́ ti yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ Arẹwà, wọ́n sì tò sí etí lẹ́bẹ́ rẹ̀. Arẹwà fúnra rẹ̀ ń lé Àbúrò kiri, ó ń forí kàn án níkùn.

"Àrùn ààmì funfun!" ni Lọ́yà wí. "Ó ti gun orí rẹ̀ pàápàá. Wo ìwà wèrè."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí."

"Ẹ jẹ́ ká pe Màámi."

"Pe ta ni? Kí wọ́n lè ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ó gbé Arẹwà sínú garawa lóun nìkan, ó da iyọ̀ sí i, ó sì kán oògùn ẹja aláwọ̀ aró lé e. Aró yí ọwọ́ rẹ̀, ó yí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ní kóòtù, adájọ́ wo ìka rẹ̀ títí, ó ní ṣé ẹjọ́ ló ń rò ni àbí aṣọ ló ń rẹ láró. Arẹwà dúró gbagidi sínú garawa bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Èérún náà kò lọ.

Lọ́yà fẹ́ tún kán oògùn nígbà tí ìyá já wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ garawa, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Àrùn ni, Màámi," ni Lọ́yà ń wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Àrùn wo? Tó bá jẹ́ àrùn, èérún á bo gbogbo ara bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i, ẹja á máa fara ha òkúta, kò ní jẹun. Èyí ò kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti etí lẹ́bẹ́. Akọ ni Arẹwà! Bí akọ wọn ṣe ń ṣe nìyẹn tó bá ń wá ìyàwó."

"Akọ kẹ̀? Tó rẹwà báyìí?"

"Lọ́yà, àtíkè tó wà lójú rẹ lọ́jọ́ tí o wá tọrọ ọmọ mi ju èyí lọ. Ta ló rì ọ́ sínú omi iyọ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ sá lọ sí kíṣìnnì. Ẹ̀rín rẹ̀ kò bá a sá.

Wọ́n dá Arẹwà padà sínú àpótí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹyin Àbúrò ti lẹ̀ mọ́ ewéko inú omi, wọ́n mọ́ gaara bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n yára kó wọn sínú garawa tó mọ́, torí bàbá àti ìyá wọn lè jẹ wọ́n.

"Kán oògùn aró rẹ díẹ̀ sí i, kì í jẹ́ kí ẹyin bu. Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n máa wà."

"Ọ̀dọ̀ mi, Màámi?"

"Ẹni tó wo ẹja tára rẹ̀ le tó báyìí, tí ẹja náà ò sì kú, kò lè pa ẹyin."

Lọ́yà fi ọwọ́ aláró fa táì rẹ̀ gún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà lórí fóònù pẹ̀lú lọ́yà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan.

"Wàyí o, èérún funfun ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìfẹ́ ni."