Àmúdàtù àti Ìràwọ̀ Bàbá

Ní Mùṣín, bí òógùn bá ń dán níwájú orí ọkọ ìyàwó nínú fọ́tò, ẹ̀bi oòrùn ni. Bó bá ṣì ń dán lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ Àmúdàtù, a jẹ́ pé ayé ti dópin. Ṣàíbù ọkọ rẹ̀ ní í ya fọ́tò. Àmúdàtù ní í jókòó ti dígí tí àwòrán kọ́kọ́ ń bọ́ sí, níbi tí ohun tó ń dán ti ń di dúdú, a sì máa fi abẹ ha gbogbo àmì tí kò wù ú.

Bàbá Àkàngbé, bàbá ọkọ rẹ̀, ní awò olójú méjì kan tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, tó rà lọ́wọ́ sójà tó ti ogun Bọ́mà dé. Lálaalẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fi í wo àwọn ìràwọ̀ tó ṣù jọ, tó ń pè ní Adìẹ-tòun-tọmọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n. Bó bá gbé awò sójú, adìẹ àtọmọ a máa jó kiri ojú ọ̀run. Àmúdàtù ní kí òun bá bàbá di ọwọ́ mú.

"Èmi? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?"

Bàbá wọlé, kò sì wòkè mọ́. Ó dun Àmúdàtù wọra. Nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun tí kò mọ ẹnì kankan nínú ilé, bàbá yìí ló pè é sí àgbàlá pé kó wá wo adìẹ.

Ṣàíbù bá dá ọgbọ́n kan. Ó ya ìràwọ̀ náà sórí dígí, ó gé ihò róbótó sí páálí dúdú tí yóò fi bo etí rẹ̀ bó bá ń tẹ̀ ẹ́, kí fọ́tò lè rí bí ohun tí èèyàn ń wò nínú awò, tí kò sì ní jó. Kò kúkú sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin àti àṣírí! Ó to dígí náà mọ́ ti àwọn oníbàárà, ó gba Ìdó lọ ra pépà tí yóò tẹ fọ́tò sí.

Àmúdàtù rí dígí tí kò lójú, tí kò nímú, àfi àmì dúdú wínníwínní.

"Eruku ti ba eléyìí jẹ́," ó ní. Ó ha gbogbo rẹ̀ pátá. Iṣẹ́ náà mọ́.

Nígbà tí Ṣàíbù tẹ fọ́tò náà jáde nírọ̀lẹ́, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ìyá Ìdíátù," ó pe ìyàwó rẹ̀, "àwọn ìràwọ̀ bàbá dà?"

"Ìràwọ̀ wo?"

Ó ṣàlàyé.

"Yéè! Mo gbé!" Àmúdàtù sáré gbé fọ́tò lọ bá bàbá, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Bàbá gba fọ́tò, ó gbé e sójú. Ọwọ́ ń gbọ̀n, fọ́tò ń gbọ̀n. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀ẹ́n," ó ní, "eléyìí ò jó."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó fa awò yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí Àmúdàtù.

"Ìyàwó mi, gbé abẹ yẹn sílẹ̀ ná. Ó yá, wá bá mi di ọwọ́ mú."