Ọwọ́ Tó Di Fóònù Mú

Aránṣọ kan gbé fóònù rẹ̀ sórí káńtà ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, tí wọ́n ń pè ní Dókítà Fóònù, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ aláìsàn. Oṣù kan rèé tí ọkọ rẹ̀ kú sí ilé ìwòsàn tó wà ní òdìkejì odò. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pe ìyàwó rẹ̀, ìpè náà kò wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó sọ pé ó pè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí fóònù ìyàwó. Láti ìgbà náà ni àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin kò ti jẹ́ kó gbádùn: "Ìyàwó wa, ẹ̀rọ ìránṣọ lo gbọ́, o ò gbọ́ ẹni tó ń kú lọ."

"Ẹ bá mi wò ó," ni aránṣọ wí. "Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

Dókítà Fóònù tú u palẹ̀, ó nù ún, ó tún un tò. "Ìyá, ara ẹ̀ le ju tèmi lọ. Èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì fún."

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín.

"Báwo lẹ ṣe mú un lọ́jọ́ náà?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa fóònù náà mọ́ àyà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa gbàdúrà ní kékeré. "Láti àárọ̀ ni mo ti dì í mú báyìí ní yàrá. Mi ò tiẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Mi ò fẹ́ kí ìpè rẹ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọkùnrin náà rọra ṣí àtàǹpàkò rẹ̀, ó yọjú wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí fóònù wà lórí káńtà, igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta ló ní. Ní ọwọ́ obìnrin náà, ó ti ku ẹyọ kan.

"Ìsàlẹ̀ ibí ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ́ ìpè wà. Omi ló pọ̀ jù lára èèyàn, Ìyá. Ó máa ń mu ohun tó yẹ kí irin yẹn gbọ́."

"Igi kan péré ni yàrá mi ń ní. Tí mẹ́ta bá di ọ̀kan, kí ni ọ̀kan á dà?"

Dókítà Fóònù wolẹ̀. "Ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Mi ò lè búra."

"Ẹ pè mí."

Ó pè é. Fóònù ń dún lórí káńtà, obìnrin náà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wò ó títí ó fi dákẹ́.

"Ẹ tún un pè."

Nígbà kẹta, ó fi ìka méjì péré gbé e, bí ẹni mú abẹ́rẹ́.

"Mo wà níbí," ni ó wí sínú fóònù, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ló pè. "Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbí."

Dókítà Fóònù ò gbé fóònù tiẹ̀ kúrò létí.