Ọmọ Onírùngbọ̀n

Ọba ti pàṣẹ pé ẹni tó bá dárúkọ Haddu ọlọ̀tẹ̀ létí òun yóò bá Haddu kú. Lẹ́yìn ìrun àsárì ọjọ́ náà ni wọn yóò bẹ́ orí rẹ̀ lẹ́nubodè ìlú Meknes.

Ìyá Haddu ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ó tú gèlè rẹ̀, ó jù ú sẹ́sẹ̀ Iza, aya ọba, ní yàrá rẹ̀. Ọmọ òkè ni Iza náà. Ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ju gèlè ìyá sẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó tẹtẹrẹ.

“Bá mi bẹ Kábíyèsí.”

“Màmá, bí mo bá dárúkọ ẹ̀, orí méjì ni wọ́n máa bẹ́.”

Ọmọ ọwọ́ Iza ké fún ọmú. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wá. Ó fún wàrà ọmú rẹ̀ sínú àwo, ó gbé e fún Mbarka, ìránṣẹ́ rẹ̀.

“Gbé e fún ẹlẹ́wọ̀n yẹn. Kó mu ún tán. Sọ pé ìyá ẹ̀ ló fi ránṣẹ́.”

“Ìyá ẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀yin ni ìyá onírùngbọ̀n yẹn?”

“Ẹsẹ̀ ni mo ní kó o lò, Mbarka, kì í ṣe ẹnu.”

Nígbà tí àwo dé lófìfo, Iza fúnra rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá Ọba. Ó bu ọbẹ̀ sórí kúsíkúsì.

“Kábíyèsí, a bímọ láàfin lónìí.”

“Ta ló bímọ?”

“Èmi ni.”

Ọba wo ikùn rẹ̀. “Oyún wo?”

“Kò sóyún. Ó mu wàrà mi ni. Ọkùnrin ni, irùngbọ̀n ẹ̀ sì ti dé àyà.”

Ọba dẹ́kun jíjẹ. Orí òkè ni wọ́n ti gbé ìyá tirẹ̀ náà wá. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá mu wàrà obìnrin ti di ọmọ rẹ̀, ó ti di ọmọ ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ le.

“Kí lorúkọ ẹ̀?”

Iza gbé ìgbakọ sílẹ̀.

“Ọmọ tuntun kì í lórúkọ, Kábíyèsí, àfi tó bá di ọjọ́ keje tí a bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.”

“Ẹ̀jẹ̀ ta ni?”

“Ti àgbò.”

Èjìká Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fún ẹ̀rín.

“Ìyá mi ì bá fẹ́ràn ẹ.” Ó kọjú sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. “Ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí bàbá tó bí i lórí òkè: kó wá síbi ìsọmọlórúkọ, kó fi ìbọn sílé, kó mú àgbò wá. Mi ò ní fi àgbò tèmi sọ ẹni tó fẹ́ gba oyè mi lórúkọ.”

Iza padà sí yàrá rẹ̀. Ó mú gèlè náà nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì wé e fún ìyá náà.

“Màmá, ẹ dìde. Ọmọ wa ń bọ̀ wá jẹun.”