Ilẹ̀kùn Ilé Ìdáná Àǹtí Àmọ̀kẹ́

Jọmílójú kò jẹ́ kí Àǹtí Àmọ̀kẹ́ bọ́ kóòtù tán kó tó tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀, lórí tábìlì tí wọ́n ń to ẹ̀wà inú agolo sí. Ó ní kó jọ̀wọ́ wò ó kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wá gba oúnjẹ. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni, èrò sì ti tò síwájú gbọ̀ngàn ìjọ Aládùúrà náà, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù Chadwell Heath ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àmọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ inú ìwé yìí rán Jọmílójú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti oṣù kìíní ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tó ń bá a pín oúnjẹ ní gbogbo Sátidé nípa ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kò sì fẹ́ràn àlàyé gígùn. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó kan, tí wọ́n ń fi àwọn òyìnbó tó kọ́ níṣẹ́ jọ̀gá lé e lórí. Ìgbà tó ráhùn, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá, kò sì ní. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí àwọn ọmọ yìí kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ìgbà tí kálukú dé, ìgbà tó gba oúnjẹ, àti ẹ̀yà tó jọ pé ó jẹ́. Ó dá a lójú pé wọn yóò rí àṣìṣe ara wọn níbẹ̀.

Àṣìṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn àgbàlagbà Yorùbá kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ. Àwọn àgbàlagbà yòókù, òyìnbó, ará Bangladesh, ará Romania, ń lo ogójì ìṣẹ́jú ó lé. Mísítà Lẹ́nì, òyìnbó ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń fi ọ̀pá rìn, ti dúró wákàtí kan gbáko lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" Àmọ̀kẹ́ béèrè. Ó ti ń wá ẹni tí yóò bá wí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Jọmílójú, Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ náà, ni wọ́n bí i sí. Ó wolẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Aunty, ẹ má bínú. It's not the front door. Kitchen door ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣí i."

Òótọ́ ni. Bí ìyá kan bá ti kí i ní Yorùbá lójú fèrèsé ilé ìdáná, orúnkún Àmọ̀kẹ́ á ti kanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lára ilẹ̀kùn. Á mú ìyá náà wọlé, á fún un ní tíì, á sì di ẹrù rẹ̀ kí tíì náà tó tutù. Kò fìgbà kan rò pé ó burú. Ṣé ó fẹ́ wo ẹni tó tó bí i lọ́mọ nínú òtútù ni?

Inú bí i. "Èmi lẹ wá ń pè ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà? Àgbà ni mò ń bọ̀wọ̀ fún."

"Àgbà ni Mísítà Lẹ́nì náà, ma," Jọmílójú dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ ní ká kọ ọ́. Kúnmi àti àwọn ọmọ tó kù ń sọ pé tó bá jẹ́ àwa nìkan ni lesson yẹn wà fún, àwọn ò ní wá next week."

Àmọ̀kẹ́ tún ìwé náà kà, bóyá wọ́n ṣìṣirò. Wọn kò ṣìṣirò. Ojú wá tì í gan-an, nítorí ó rántí pé àwọn ọ̀gá ilé arúgbó ọjọ́sí kò kórìíra òun. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá jọ tilé wọn ni wọ́n kàn máa ń kọ́kọ́ rí.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Màmá Adéyanjú ni, tó ń gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ gbogbo. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àmọ̀kẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ma. Ẹ jọ̀wọ́, iwájú ni gbogbo èèyàn á máa gbà láti òní lọ."

"Àmọ̀kẹ́, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, ma. Èmi ni mo ṣe ohun tí kò dáa. Mò ń mú yín wọlé, àwọn àgbà ẹlòmíràn sì ń dúró nínú òtútù."

 Màmá béèrè bóyá kí òun náà lọ máa dúró ni. Àmọ̀kẹ́ ní rárá, kò sí àgbàlagbà tí yóò dúró mọ́, ó sì ní kí àwọn ọmọ kó gbogbo àga gbọ̀ngàn síta. Ó di Màmá lápá mú yípo dé iwájú, ó fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mísítà Lẹ́nì. Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn dun Àmọ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Nígbà tó wọlé, Jọmílójú bi í bóyá kí wọ́n dáwọ́ kíkọ náà dúró, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti pé.

"Ẹ máa kọ ọ́ lọ," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "Ẹ tún fa ìlà kan sí i, fún orúkọ ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn."

Ó gba bírò lọ́wọ́ ọmọ náà, ó fa ìlà náà fúnra rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án wọ̀nyẹn, láti ọ̀sẹ̀ kìíní títí dé ìkẹrin.