Àsè Tí Àwa Alásè Kò Jẹ

3.

…torí náà ẹ má bi mí pé kí ló tì mí débẹ̀. Ebi kọ́. Mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ méje rí nínú ìjọ yìí, ẹ̀yin náà mọ̀. Torí Sùlíyá ni mo ṣe jẹ ìrẹsì yẹn. Ẹ ní kí n kọ àlàyé, mo ń kọ ọ́.

1. *(Ó yẹ kí èyí ṣáájú. Inú ló ń bí mi, n ò rí nọ́ńbà tò.)*

Orúkọ mi ni Kíkẹ́lọmọ, ìyá Fúnmilọ́lá, olórí àwọn obìnrin alásè ní Ìjọ Òkè Àánú, Agege. Sùlíyá ni aládùúgbò mi, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Òun ló gbẹ̀bí mi lọ́jọ́ tí mo bí Fúnmilọ́lá, nígbà tí Ezekiel ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Abọ́ kan náà la fi ń jẹun.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Wòlíì Ọlọ́runníyì ní omi kànga ìjọ ti di omi àdúrà. Wọ́n fi àgádágodo sí i. Àdúgbò tó ti ń pọn omi níbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, wọ́n ní kí wọ́n lọ wá omi sí ẹ̀bá ojú irin.

Láti ọjọ́ náà Sùlíyá kò kí mi mọ́. Oṣù mẹ́jọ.

2. ÌKÉDE *(a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìjọ)*

ÌJỌ ÒKÈ ÀÁNÚ
ń pe gbogbo ará àdúgbò, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́,
sí ÀSÈ ÌRẸ́PỌ̀.
Sátidé, ogúnjọ́ oṣù Òkítóbà, 1956. Aago méjìlá ọ̀sán.
A Ó JỌ JẸUN NI.

Ẹ tún ìlà tó kẹ́yìn yẹn kà. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́.

4. Ìwé tí Alfa Shuaib fi ránṣẹ́ sí mi

«Ìyá Fúnmilọ́lá, a rí ìkéde yín, ẹ ṣeun. Bí ẹ bá fẹ́ ká jẹ nínú ẹran náà, ẹ jẹ́ kí n wá dúńbú rẹ̀ fúnra mi. Ẹ má sì sè é nínú ìkòkò tí ẹ ti fi se ẹlẹ́dẹ̀ rí. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, n ó mú gbogbo àwọn tó ń bínú wá, títí kan Sùlíyá.»

Ẹlẹ́dẹ̀. Àwa tí wòlíì wa kò jẹ́ ká fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tá a ti jọ ń gbé, wọn ò mọ̀.

5. Ohun tí mo sè

Màlúù kan. Alfa dúńbú rẹ̀ lójú gbogbo wa.
Ìrẹsì, ìkòkò mẹ́rin.
Mọ́ínmọ́ín eléwé.
Ọbẹ̀ ata tí n ò tọ́ wò (ẹ wo nọ́ńbà 6).
Ìrẹsì ìdí ìkòkò tó jó díẹ̀, ti Sùlíyá. Ohun tó fẹ́ràn nìyẹn.

6. Láti inú ìwé ìran ìjọ *(Akọ̀wé Ọdúnayọ̀ ló kọ ọ́. Àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́fà.)*

«A fi han Wòlíì pé kí gbogbo ìjọ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lónìí, nítorí ewu kan lójú ọ̀nà rélùwéè. Kí oúnjẹ má kan ẹnu ẹnikẹ́ni nínú wa, ìbáà ṣe ìtọ́wò. Ààwẹ̀ náà kò kan àlejò.»

7.

Ìrẹsì ti ń hó lórí iná nígbà tí wọ́n ka ìran náà sí mi létí.

8. Bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ lábẹ́ àtíbàbà

*(Bàbá Suara ni àgbà àwọn àlejò. Oúnjẹ ti wà níwájú wọn.)*

BÀBÁ SUARA: Ẹ̀yin ò ní jẹ ni?

AKỌ̀WÉ ỌDÚNAYỌ̀: A ń gbààwẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ẹ máa jẹ.

BÀBÁ SUARA: Ta ló tọ́ ọ wò?

AKỌ̀WÉ ỌDÚNAYỌ̀: Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò, Bàbá. Ìran ló wá.

BÀBÁ SUARA: Láti kékeré mi, olóúnjẹ ló ń kọ́kọ́ bù jẹ kí àlejò tó jẹ. Ẹ ti kànga mọ́ wa, ẹ wá pa màlúù fún wa, ẹ̀yin ò sì fẹnu kàn án. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

ALFA SHUAIB: Bàbá, èmi ni mo dúńbú ẹran náà.

BÀBÁ SUARA: Ìwọ lo dúńbú ẹ̀. Ṣé ìwọ lo sè é?

*(Bàbá Suara ti abọ́ iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.)*

SÙLÍYÁ: Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

9.

Láti oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

10.

Mo wo Wòlíì. Wọ́n dijú, wọ́n ń gbàdúrà. Àwọn àlejò ti ń wá bàtà wọn. Ṣé kí n ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kẹta ni? Inú bí mi.

Mo bu ìrẹsì ìdí ìkòkò yẹn, mo bu ọbẹ̀ lé e, mo jókòó sórí ẹní níwájú Sùlíyá. Mo bù jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé e mì, mo la ẹnu kó rí i.

Ó wò mí títí. Ó fọwọ́ kan ọbẹ̀ náà, ó tọ́ ọ lá.

"Iyọ̀ ẹ̀ ò tó."

Báwo ni yóò ṣe tó? Ṣé wọ́n jẹ́ kí n tọ́ ọ wò ni?

Ó tún fọwọ́ sí abọ́ náà. A jọ jẹ ẹ́ tán.

11.

Gbogbo wọn ló jẹun. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé ìran.

12. Láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ

«Ìyá Fúnmilọ́lá, ẹ ti ba ààwẹ̀ ìjọ jẹ́. Ẹ má wọ aṣọ funfun mọ́ títí a ó fi sọ fún yín. Ẹ kọ àlàyé wá. Ní Sọ́ńdè, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ẹ ó dìde níwájú ìjọ, ẹ ó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni oúnjẹ tí ẹ bá wọn jẹ. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, Wòlíì yóò ṣí kànga fún àdúgbò. Bí ẹ bá kọ̀, kànga yóò wà bó ṣe wà.»

13.

Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀.

13. *(mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo mọ̀)*

Bí mo bá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, àdúgbò á rí omi, Sùlíyá á sì gbọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo pe abọ́ tá a jọ jẹ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè pọ̀ nínú ìjọ yìí. Bí mo bá sì kọ̀, ó di ẹ̀bá ojú irin fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, òun tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ezekiel ní kí n sọ ọ́ ká lè sinmi. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ezekiel kọ́ ló jẹ ẹ́.

14.

Bí ẹ bá ń wá ẹ̀bẹ̀ nínú àlàyé yìí, ẹ ti kà á tán, kò sí níbẹ̀.

15. *(Mo fi èyí kún un lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà.)*

WÒLÍÌ: Ìyá Fúnmilọ́lá, ẹ dìde.

*(Mo dìde.)*

WÒLÍÌ: Oúnjẹ tí ẹ jẹ yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ni àbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀?

Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ bí àwa náà ṣe ń ṣe, ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn. Sùlíyá ni. Ó gbé garawa òfìfo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. N ò mọ̀ bóyá torí omi ló ṣe wá tàbí torí tèmi.

WÒLÍÌ: A ń gbọ́ yín.